Ohùn Wúlẹ̀mọ̀tù Tí Ọmọ Rẹ̀ Gé Dànù

Láti Mowe títí dé Ibafo, ẹni tó bá ní ọwọ́ òun yá ju ti Mùízz Sàlàkọ́ lọ lórí kíbọ́ọ̀dù, irọ́ ńlá ló pa. Eṣinṣin kan bà lé lẹ́tà Q lọ́jọ́ kan. Kó tó ká ìyẹ́ rẹ̀, Mùízz ti gé fídíò ìgbéyàwó tán. Ẹ má jiyàn. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá márosẹ̀ ló rí i.

Kì í fọwọ́ kan máòsì. Bó bá tẹ Q, gbogbo ìrégbè tó ṣáájú ọ̀rọ̀ á já dànù. Bó bá tẹ W, èyí tó gbẹ̀yìn á tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ àárín ni ìdọ̀tí wà, á gé e lọ́tùn-ún, á gé e lósì, á wá tẹ Shift pọ̀ mọ́ Delete. Ohun tó gé á pòórá, àlàfo rẹ̀ á pa dé, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Nígbà tí Toyyibah àbúrò rẹ̀ ṣe wòlímọ̀ Kùránì ní Ifọ̀, òun náà ló ya fídíò rẹ̀. Ẹ mọ ìyá ọmọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Toyyibah bá kà dé ibi ìsinmi, kó tó mí, ìyá wọn, Wúlẹ̀mọ̀tù, á ti fi oríkì ọmọ náà bẹ́ sí i: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Sàlàkọ́! Ọmọ tó kà á tí inú ìyá rẹ̀ tutù!" Ohùn obìnrin yẹn, bó bá pe èèyàn ní Ifọ̀, ará Ibogun á jẹ́.

Alfa tó kọ́ Toyyibah ní Kùránì pe Mùízz sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Má jẹ́ kí ariwo dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú fídíò yẹn o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alfa. Ẹ ò ní gbọ́ pín-ín."

Wọn ò sì gbọ́ pín-ín. Gbogbo ibi tí ìyá rẹ̀ ti ké ni Mùízz gé. Káàdì kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ní; bí iṣẹ́ ti parí, ó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ de iṣẹ́ mìíràn, bí ìṣe rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù wo fídíò náà dópin, ó ká gèlè kúrò létí kó lè gbọ́ dáadáa.

"Mùízz, èmi dà?"

"Màámi, ẹ̀yin rèé níwájú, nínú léèsì yín."

"Mo rí léèsì. Ohùn mi dà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ fẹ́ bá Toyyibah du máìkì ni?"

"O gé mi dànù." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Dá mi padà síbẹ̀ o, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí Toyyibah máa gbọ́ mi lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́."

"Màá dá yín padà, Màámi."

Ó mọ̀ pé kò sí ibi tí òun ti máa mú un wá. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ò tíì dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé Wúlẹ̀mọ̀tù lọ. Wọ́n kírun sí i lára lọ́sàn-án, ilẹ̀ bò ó kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Toyyibah wá sí Mowe, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, Màámi sọ fún mi pé ẹ ní ẹ máa dá ohùn àwọn padà sínú fídíò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ."

Mùízz ò lè wò ó lójú. Ó ṣí fídíò náà. Ó tẹ Ctrl àti Z, tó máa ń dá ohun tí a gé padà, ó tún un tẹ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Ó wá fi bọ́tìnnì ọlọ́fà ń rìn lọ lórí àwòrán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kó ti ṣìṣe níbì kan.

Ó ṣìṣe. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gé e. Obìnrin kan mí kanlẹ̀, ó ní "À...", Kùránì sì gbé e mì.

Toyyibah fi etí ti sípíkà. "Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Èmi ni wọ́n fẹ́ pè yẹn." Omijé ti bò ó lójú. "Ìyókù ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi?"

Mùízz gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé kíbọ́ọ̀dù. Kò mọ èyí tí yóò tẹ̀.