Orúnkún Sókè, Màmá!

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà kò tíì ní orúkọ ní Ìbàdàn. Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo máa ń lọ sílé àwọn àgbàlagbà láàárọ̀ kùtùkùtù láti mú wọn fò, láti mú wọn nà, láti mú wọn làágùn, ẹni náà á wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?" Wọ́n ń sanwó o! Inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní, "Ṣé fífò lo lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Mo ní kí àwọn náà dìde, kí n mú wọn fò díẹ̀. Ọmọ orógùn ni wọ́n fi lé mi jáde ní ilé ìdáná.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan lọ́nà Ring Road. Yàrá kan ni mo gbà ní Àgbowó, okùn ìfò mi ni mo sì gbé kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé fọ́tò kọ́ sí. Láràárọ̀ Sátidé, màá sáré gun òkè Mọ́kọ́lá, àwọn onítakisí á yọrí, wọ́n á kígbe pé, "Àǹtí, ta ló ń lé yín?" Èmi náà á dáhùn pé, "Ọjọ́ ogbó ni!" Nínú orí tèmi, mo ti ní ilé ìdárayá ní Challenge: dígí látòkè délẹ̀, fáànù mẹ́rin, irin gbígbé lóríṣiríṣi, àti rédíò tí yóò máa kọrin láìdákẹ́. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kí ìyẹn tó dé, irin tí mo ní kò ju agolo ọ̀dà méjì tí mo da sìmẹ́ńtì sí, tí mo fi páìpù omi so pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ.

Màmá tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Dùgbẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan. Opó ni, ará Ìsẹ́yìn, Mùsùlùmí gidi, tó ń gbé nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ ní Bódìjà. Ó sanra dáadáa. Bó bá jókòó, àga á dún, bó bá fẹ́ dìde, ọmọ ọ̀dọ̀ méjì ló ń fà á. Ó ní kí n jókòó, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, báyìí lo ṣe tín-ínrín tó? Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rín.

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Mẹ́kà," ó ní. "Ó ku oṣù méje. Wọ́n ní a óò yí ilé Ọlọ́run ká nígbà méje, a óò tún rìn láàárín òkè méjì nígbà méje. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e, àwọn géńdé ló ń fi pákó gbé e kiri. Tíṣà, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ru abọ́ tà. Èmi ni mò ń ru ẹrù. Mi ò fẹ́ lọ di ẹrù níwájú Ọlọ́run." Ó fọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ méjèèjì. "Bá mi gba ẹsẹ̀ mi padà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Màmá, ẹ ó rìn ín," láìmọ bí n ó ṣe ṣe é rárá. Ẹnu mi a máa sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ, ẹ bi gbogbo ẹni tó mọ̀ mí.

Inú gáréèjì la ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí Màmá dìde lórí àga láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Màmá fi ń wò mí bí ẹni tí wọ́n rán sí i. Wọ́n á ní "Bísímílà," wọ́n á gbéra díẹ̀, wọ́n á tún padà jókòó gbì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: "Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Màá ní, "Orúnkún sókè, Màmá! Ẹ má jókòó! Ó ku mẹ́ta!" Irọ́ ni o. Ó máa ń ku mẹ́wàá.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n dìde. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, fìà! Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n wò mí, àwa méjèèjì pariwo, a dì mọ́ra wa, òógùn wọn sì rin mi láṣọ. Láti ọjọ́ náà, apá kò ká wọn mọ́. Wọ́n gbé agolo sìmẹ́ńtì mi, wọ́n ní ó fúyẹ́, wọ́n lọ kó ìkòkò wá láti ìsọ̀ wọn, wọ́n bu yanrìn sí i. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bùbá wọn wá ń fẹ́ lẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin Dùgbẹ̀ á máa bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹnìkan tiẹ̀ gbé àgbo wá fún wọn. Wọ́n gbé àgbo náà fún mi pé èmi ni mo nílò rẹ̀.

Mo wá sọ pé ó yá, ká jáde síta ká máa rìn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n fẹ́ yí ká ní Mẹ́kà, ilé la ó yí ká ní Bódìjà. Ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà, ibi tí aládùúgbò Màmá, bàbá díákónì kan, mọ fẹ́ǹsì sí la máa ń gbà kọjá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni bàbá náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà la jọ ń lọ. Ọdún kan sẹ́yìn ló ti mọ fẹ́ǹsì yẹn. Màmá ní ó wọ inú ilẹ̀ àwọn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, bàbá ní rárá, láti ìgbà náà wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúnkún Màmá lè gbé e. Mo fun fèrè tí mo fi ń ṣe rẹfirí nílé ẹ̀kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọlé lọ wẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Báyìí la ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà, láfẹ̀mọ́júmọ́, fèrè mi níwájú, Màmá lẹ́yìn, tí wọ́n ń ka àdúrà sí abẹ́ ètè. Mo ń rí i tí kọ́tìnì bàbá díákónì ń mì. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni.

Ọjọ́ keje bọ́ sí Sátidé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ rọ̀ bí ògì. Mo jí pẹ̀lú ìdùnnú, mo ní, "Màmá, lónìí, ẹ jẹ́ ká dán méje wò!" Wọ́n ní ṣé orí mi pé. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń dán. Mo fun fèrè, ó di ọ̀kan. Mo tún fun ún, ó di méjì. Ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìkarùn-ún wọ́n ní àwọn fẹ́ kú, mo ní kí wọ́n kú lẹ́yìn ìkeje. Nígbà tí wọ́n parí ìkeje, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n fi gbogbo ohùn ọjà Dùgbẹ̀ ké pé, "Alláhù Akbar!"

Gbìì!

Fẹ́ǹsì bàbá díákónì wó. Ó wó láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, sínú ebè ẹ̀fọ́ wọn, adìẹ ń fò kiri. Bàbá sáré jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Wọ́n wo fẹ́ǹsì. Wọ́n wo Màmá. Wọ́n wo fèrè tó ṣì wà lẹ́nu mi. Wọ́n yọ pákò, wọ́n ní jẹ́jẹ́, "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀méje lọ́jọ́ keje. Mo ń kà á." Wọ́n wá nàka sí mi. "Ìwọ! Ọmọ ìjọ wa! Ìwọ lo kọ́ Mùsùlùmí ní ọgbọ́n tí wọ́n fi wó odi Jẹ́ríkò!"

Yéè! Ẹ gbà mí! Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ìtàn odi Jẹ́ríkò kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, bí wọ́n ṣe yí ìlú náà ká, bí wọ́n ṣe fun fèrè, bí wọ́n ṣe hó yèè tí odi fi wó. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òjò ni, pé sìmẹ́ńtì wọn ni kò tó, ìyẹn sì tún wá dà bí èébú. Màmá ní, "Kí ni Jẹ́ríkò?" Mo sọ ìtàn náà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n sì dìde fúnra wọn láìfọwọ́ kanlẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí ìyẹn.

Bàbá díákónì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ takisí lọ sí Àpáta, ibi tí ẹ̀gbọ́n Màmá ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ́n lọ rojọ́. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n dé tòun ti agbádá funfun àti tẹ̀sùbáà, bàbá díákónì tẹ̀ lé e. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá wo orúnkún.

"O ti rù!" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ sí Màmá. "Ojú rẹ ti jìn wọnú. Ààwẹ̀ àwọn aládùúrà lò ń gbà, àbí? Wọ́n ń fun fèrè, ò ń yí odi ká, odi ń wó. Abẹ́ orúkọ mi lo wà nínú ìwé àwọn tó ń lọ. Mi ò lè mú ẹlẹ́sìn méjì lọ sí Mẹ́kà. O ò lọ mọ́."

Omi lé sí Màmá lójú. Mi ò tíì rí i rí, obìnrin tó ń fi ẹnu lásán lé àwọn onígbèsè kúrò ní Dùgbẹ̀. Inú bí mi débi pé mo kúnlẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, èmi ni mo jẹ̀bi. Eré ìdárayá ni. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń tọ́jú kí wọ́n má baà gbé wọn bí ẹrù!" Ẹ̀gbọ́n Màmá ní kí n panu mọ́, pé mi ò tó ẹni tó ń dá sí i. Òótọ́ ni, mi ò tó bẹ́ẹ̀.

Màmá ló wá dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ bá mi yí ilé yìí ká lẹ́ẹ̀méje. Tí mo bá jókòó kí ẹ tó jókòó, mi ò lọ mọ́. Tí ẹ bá jókòó kí n tó jókòó, ẹ máa mú mi lọ."

Ẹ̀gbọ́n náà rọra rẹ́rìn-ín, ó ní ó yá.

Ní ìyípo àkọ́kọ́, ó ń wáàsù fún Màmá. Ní ìkejì, ìwáàsù ti dínkù. Ní ìkẹta, ó bọ́ agbádá, ó bọ́ fìlà, ó kó o fún bàbá díákónì gbé. Ní ìkẹrin, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì tó wó, ó ní òun fẹ́ tún okùn bàtà òun so. Bàtà náà kò ní okùn. Màmá kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀ kí i: "Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀gbọ́n mi." Èmi ń fò lókè, mo ń pariwo. Nígbà tó di ìkẹfà, mo gbọ́ ohùn mìíràn tó ń kà pẹ̀lú mi. Bàbá díákónì ni, agbádá ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́: "Mẹ́fà! Ó ku ẹyọ kan, ẹ má dúró!"

Ẹ̀gbọ́n mú ìlérí ṣẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa mú àwọn náà rìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní ọkùnrin kì í tẹ̀ lé fèrè ọmọdébìnrin. Bàbá díákónì tún fẹ́ǹsì mọ, ó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sún un sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Màmá àti ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Mẹ́kà. Mi ò rí oorun gidi sùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi lọ. Mo ń ro orúnkún yẹn, mo ń ro èrò tó pọ̀ lọ́hùn-ún, mo ń ro pákó àwọn géńdé. Mo gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí Màmá mi yí Kábà, ilé Ọlọ́run lọ́hùn-ún, ká pé ẹ̀ẹ̀méje. Mi ò sọ fún pásítọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, mo sáré láti Àgbowó dé Bódìjà. Ilé kún fọ́fọ́. Màmá rí mi, wọ́n dìde wéré, wọ́n fà mí wọ yàrá.

"Mo rìn ín," wọ́n ní. "Gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni."

Mo bú sẹ́kún bí òmùgọ̀.

"Dákẹ́, mi ò tíì parí. Ní ìyípo kẹrin, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní kí n máa lọ, kí wọ́n wá gbé òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àdúrà ni mo fẹ́ gbà, Tíṣà, Ọlọ́run gbọ́, àdúrà ló wà lọ́kàn mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi láàárín gbogbo ayé ni, 'Orúnkún sókè! Ẹ má jókòó! Ó ku mẹ́ta!'"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n yín wá rìn ín parí?"

Kí Màmá tó dáhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n ló wọlé, Àlùhájì báyìí, nínú funfun báláú, àwọn èrò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹ̀wù rẹ̀ jọ, níwájú gbogbo wọn, ó gbé orúnkún ọ̀tún sókè dé ìbàdí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé tòsì.

Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo kà á fún un: "Ọ̀kan. Èjì."