Apẹ́ńdíìsì Ọwọ́ Òsì

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni dókítà fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo rí sinmi nínú rẹ̀, torí pé Yorùbá ni mí, mo sì ní ìjọ.

Iṣẹ́ abẹ ìpá ni wọ́n ṣe fún mi. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà mi ò lè pè é lẹ́nu níwájú ìyàwó mi pàápàá. “Nǹkan yẹn” là ń pè é nínú ilé. Ọdún mẹ́ta ni nǹkan yẹn fi ń wú díẹ̀díẹ̀. Omi ló wà nínú rẹ̀. Kò dùn mí, ó kàn ń wúwo ni. Mo pa ṣòkòtò tì, mo ń wọ jalabíyà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní France Road, àwọn oníbàárà mi ń yìn mí pé mo ti wá di ọmọ Kano gidi. Mo ń rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ọ̀bẹ. Orúkọ ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Niger Street, bàbá kan máa ń gba iwájú ilé wa kọjá. A óò jẹ́ kí ó kọjá tán, a óò wá pariwo “Olípàá!”, a óò sì sá wọlé. Èmi wà lára àwọn tó ń pariwo. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ ìyàwó mi: kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa má ṣe mọ̀. Ó ní kò burú, òun á sọ pé apẹ́ńdíìsì ni.

Ọsibítù kan lẹ́bàá Zoo Road ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ náà ni mo sì padà sílé. Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀, kí n wọ pátá tó fún dáadáa, kí n ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ nǹkan yẹn kí ó lè ga díẹ̀, kí n sì máa gbé yìnyín lé e pẹ̀lú aṣọ láàárín. Kí n má gbé ẹrù, kí n má gun àtẹ̀gùn. Ọmọ Hausa ni. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ka ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn.

Ká sòótọ́, ọjọ́ mẹ́rin yẹn dùn. Ìyàwó mi ń wá píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi láti inú fíríìsà aládùúgbò wa, ó ń fi aṣọ wé e. Mò ń mu kunun gyaɗa, ògì ẹ̀pà àwọn Hausa, ní gbígbóná, mò ń sùn. Mai ruwa tó ń gbé omi wá sílé wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Yaya jiki?” Mo ní, “Da sauƙi,” pé ara ti ń yá. Ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tán. Hausa á béèrè ara rẹ, kò ní béèrè pé ibo lára.

Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ará ìjọ dé. Àwọn obìnrin mẹ́rin láti inú ẹgbẹ́ akọrin, Ìyá Ìjọ, tí wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àti Bàbá Ìjọ fúnra wọn. Bàbá Ìjọ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ ń dà wọ́n láàmú, gbogbo wa la mọ̀, wọ́n máa ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe rí wọn ni ara mi dìde fúnra rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Okùn tí wọ́n fi rán mi fà mí, ojú mi ṣókùnkùn.

“Ẹ kú ewu o,” ni Ìyá Ìjọ wí. “Ibo gan-an ni wọ́n là?”

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Wọ́n wo ọwọ́ náà pẹ́.

“Apẹ́ńdíìsì. Lápá òsì?”

“Ó yà síbẹ̀ ni, màmá.”

“Ó gba ọ̀nà wo?”

Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo lérò pé ó tán, àfi bí Bàbá Ìjọ ṣe rí ọmọbìnrin mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún méje ni. Kano la bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń bí Bàbá Ìjọ nínú. Ìyàwó mi ti mọ̀ pé wọ́n máa bi í léèrè, ó ti kọ́ ọ ní ìdáhùn láti àárọ̀ pé kí ó sọ pé bàbá òun ò ní ipá mọ́, pé àìsàn ti gba gbogbo rẹ̀. Okun wà, agbára wà, ara tó rẹ èèyàn náà wà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi jíǹkí Yorùbá, ipá ni ìyàwó mi mú.

“Kí ló ń ṣe bàbá ẹ?” ni Bàbá Ìjọ bi í. “Má fi Hausa dá mi lóhùn o.”

Ọmọ náà dúró ṣánṣán. “Dádì ò ní ìpá mọ́.”

Hausa tó ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní ohùn àárín. Òkè ni, tàbí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí.

“Ipá!” ni ìyàwó mi wí. “Ipá ló fẹ́ sọ!”

“Eh, ìpá,” ni ọmọ náà wí. “Likita ya cire.”

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ Hausa nínú yàrá yẹn. Gbogbo wọn ló gbọ́ pé dókítà ti yọ ọ́. Obìnrin akọrin kan kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Ẹhẹn,” ni Ìyá Ìjọ wí. “Ìyẹn lè wà lápá òsì.”

Wọ́n gbàdúrà ṣókí, wọ́n jáde. Mo dùbúlẹ̀, inú ń bí mi sí ìyàwó mi, sí ọmọ, sí ara mi. Mo mọ̀ pé kí ó tó di Sunday, gbogbo ìjọ á ti gbọ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sunkún.

Ìgbà náà ni mo rí i pé Bàbá Ìjọ ò tíì lọ. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa dúró de àwọn nínú ọkọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi.

“Ó dùn?”

“Kò tó bẹ́ẹ̀, bàbá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́yìn ló dùn jù.”

“Wọ́n máa ń gba àgbàlagbà bíi tèmi?”

Mi ò kọ́kọ́ lóye. Mo ní ẹsẹ̀ kọ́ ni dókítà yẹn ń wò.

“Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi,” ni wọ́n wí. “Ọdún méjìlá rèé tí mo ti ń ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà sí ẹsẹ̀. Gbogbo yín ń ṣe àmín. Kò sí ohun kankan tó ṣe ẹsẹ̀ mi.”

Ọdún mẹ́ta péré ni tèmi. Mo rántí gbogbo ìsìn tí wọ́n fi ìdúró ṣe nínú sùtánà funfun, tí a jókòó tí à ń wò wọ́n. Ìbínú mi ò mọ ẹni tí ó máa bá mọ́.

“Ẹ pe dókítà, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín,” ni mo wí.

Wọ́n ti fóònù mi sún mọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ìwọ bá mi pè é,” ni wọ́n wí.

Mo gbé fóònù. Mo sọ ọ́ fún dókítà ní Hausa. Lẹ́yìn náà ni mo pe nǹkan yẹn lórúkọ ní Yorùbá, ketekete, kí bàbá lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi.