Bíréèkì Tí Ọkọ Mi Ní Ó Dára

Òórùn ọ̀dà tuntun àti ti pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ni mo fi mọ̀ pé mọ́tò wa ti dé. Kò tíì pẹ́ tí ogun Hítílà parí, mọ́tò akẹ́rù wọ́n bí ojú, ẹni tó bá sì ra tuntun, gbogbo Aké ni yóò yà wá kí i. Ọkọ mi ń ra kòkó àti èkùrọ́ káàkiri àwọn abúlé Ẹ̀gbá, ó ń kó o lọ sí Èkó, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kẹ́rù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń wa mọ́tò náà. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí ó máa ń fi pẹ́ńsù há etí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí i kó kọ nǹkan kan rí. Ọmọdé ni mo bá a nílé ọkọ, oúnjẹ ọwọ́ mi ló jẹ dàgbà.

Ilé iṣẹ́ tó ta mọ́tò náà fún wa ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Láfẹ́nwá, wọ́n sì ní kí a máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá mẹkáníìkì ibẹ̀ ń wọ kakí tí a lọ̀ dáadáa, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ó ní sípíríǹgì ẹ̀yìn ti là, àfi kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mọ́tò tí kò tíì rí òjò kejì! Ọkọ mi bọ́ agbádá, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ń fi ọwọ́ pa àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ibi tó là. Ó ní kí wọ́n wá fi han òun.

“Bàbá, ojú yín ò lè rí i,” ni ọ̀gá mẹkáníìkì wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Iṣẹ́ tiwa ni.”

“Bí ojú mi ò bá rí i, ọwọ́ mi ńkọ́?”

Ọkọ mi gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, ó ní kí Akọ̀wé gbé mọ́tò. Sípíríǹgì yẹn náà la fi kó kòkó lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohunkóhun kò ṣe é. Inú wa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí n kò mọ iwájú ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ ìtàn náà fún àwọn tí a jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ó fi dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo wọ abẹ́ mọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ní ọkọ̀ ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọkọ mi, ìdáhùn kan náà ló sì ń fún gbogbo wọn: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Ìgbà tó yá, mo gbé oúnjẹ tọ ọkọ mi àti Akọ̀wé lọ sí Láfẹ́nwá lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ọ̀gá mẹkáníìkì jáde wá, ó ń nu ọwọ́.

“Bàbá, ẹ má gbé mọ́tò yìí kúrò níbí o. Bíréèkì ti jẹ tán. Kò lè dá ẹrù dúró.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Ṣé ojú mi ò lè rí èyí náà?”

Òun àti Akọ̀wé wọ ọkọ̀, wọ́n sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà títẹ́jú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ réluwé, wọ́n tẹ bíréèkì, eruku sọ, mọ́tò dúró.

“Òfìfo ló wà, kò sí ẹrù nínú rẹ̀!” ni mẹkáníìkì ń pariwo. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé èrè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún.

Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá tẹ bíréèkì, ó ń rì wọlẹ̀ kó tó mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa wò ó.”

“Ṣé ìwọ náà ti di ara wọn ni? Kòkó wà nílẹ̀, ọjọ́ ń lọ.”

Akọ̀wé wá sídìí oúnjẹ tí mo gbé wá. Ó jókòó, ó jẹun, ó ní, “Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí dùn o,” ó sì ṣan ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí Akọ̀wé ti ń kó kòkó lọ sí Èkó, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí wọ́n tó dé Papalanto, ẹrù ti mọ́tò síwájú. Ọkùnrin tó ń bá a kẹ́rù, tó bẹ́ sílẹ̀, ló ròyìn fún wa. Akọ̀wé ń tẹ bíréèkì, kò mú nǹkan kan. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ọjà wà lórí afárá nísàlẹ̀. Ó ń kígbe sí wọn, nígbà tí ó rí i pé wọn ò lè sá tán, ó yí ọkọ̀ lu igi. Kò délé ìwòsàn kó tó kú.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi nípa sípíríǹgì náà,” ni ọkọ mi dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Kò ní sípíríǹgì ọjọ́ náà là, kò ní kò là. Ìyá ọkọ mi, tó jókòó sórí ẹní, gbójú sókè.

“Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ?”

“Wọ́n sọ fún mi, Ìyá.”

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó wọ yàrá. Títí ó fi kú, kò tún béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀.

Mo ti dàgbà ju ìyá náà lọ báyìí. Àwọn ọmọ mi ní mọ́tò, wọ́n ń jókòó ní pálọ̀ mi jiyàn bóyá mẹkáníìkì ń rẹ́ wọn jẹ. Mo ń gbọ́, n kì í dá sí i. Bí mo bá ronú kan ọkùnrin elẹ́rìn-ín yẹn, inú ṣì ń bí mi: ó ti ba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ tán kí ó tó di ọjọ́ tí a nílò rẹ̀.

Ní ti ọkọ mi, kò bá oníṣẹ́ ọwọ́ kankan jiyàn mọ́ láyé rẹ̀. Bí káfíńtà bá ní ikán ti jẹ ilẹ̀kùn, yóò ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní páànù ti ń jò, yóò ní kí wọ́n ká a. Èmi a fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, n óò rí i pé ó le koko, n óò sì wo ojú ọkọ mi, n óò lọ mú owó káfíńtà wá. Inú ilé tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ohun tí kò bàjẹ́ la jọ gbé títí ó fi kú.