Ọjọ́ tí Bàbá Àgbà Fi Kòtò Dá Iná Dúró

Bí wọ́n bá ti ń sun igbó lẹ́yìn ilé mi ní Alakia, òórùn koríko tó ń jó máa ń gbé mi padà sí abúlé wa lẹ́bàá Akanran, sí ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tí iná ọdẹ fẹ́ jó oko kòkó wa.

Iná ń ké ramúramù bọ̀, gbogbo èèyàn ń sá kiri. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n ti ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé kí wọ́n tó padà sídìí oko, ò sáré ní tiwọn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀.

"Ẹ gbé ọkọ́ wá! Ẹ gbẹ́ kòtò láti ibí dé ìdí ọ̀pẹ yẹn!"

Gbogbo abúlé gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí iná dé etí kòtò náà, kò rí nǹkan jó mọ́, ó sì kú. A hó yèè.

Bàbá ní ká dí kòtò náà.

Ìyá mi bẹ̀ wọ́n: "Bàbá, ó ti rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

"Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí kí n sùn."

Èmi náà ń fi ọwọ́ kó erùpẹ̀. Mo rò pé nítorí kí ewúrẹ́ má baà jìn sí i ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé inú kòtò tí wọ́n jọ gbẹ́ lójú ogun ni ọ̀rẹ́ wọn kú sí, wọn ò sì ráyè fi erùpẹ̀ bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, Bàbá na ẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ó dáa báyìí, Àbẹ̀ní. Jẹ́ ká lọ jẹun."