Ọjọ́ Tí A Mú Ìyàwó Gba Ọ̀nà Oko

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló jókòó tì mí, tó ní òun ò ní í dìde àfi tí mo bá sọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí a mú àbúrò mi lọ ilé ọkọ. Òun ló ń kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé.

Ìgbà yẹn, Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọn lọ ni. Ìjọba tuntun ní àwọn máa la ọ̀nà ńlá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Katakata kún ojú ọ̀nà, eruku pupa bo gbogbo ewé. Inú wa dùn sí i o. Ta ni ò fẹ́ ọ̀nà?

Àṣàkẹ́ ni àbúrò mi ń jẹ́. Opómẹ́ta ni ilé ọkọ rẹ̀. Bàbá wa ti kú, èmi ni mo dúró bíi bàbá. Ìyá Kékeré, ìyàwó bàbá wa, ló fa ìyàwó lọ́wọ́. Èmi ń ti kẹ̀kẹ́ tí a di abọ́ àti aṣọ rẹ̀ mọ́. Àárọ̀ la kúrò ní Kétu.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Nílé tiwa, ìyàwó tó bá ti jáde nílé bàbá rẹ̀ kì í padà lójú ọ̀nà. Tó bá padà, ó bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn àna á ní ọmọ náà ò fẹ́ àwọn.

A rìn títí, la bá rí i pé wọ́n ti fi igi dí ọ̀nà. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, ó jìn ju ènìyàn lọ. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ Ègùn kan, ní kí a padà sí Kétu, kí a tún wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní ìyàwó la mú dání. Ó ní kódà kó jẹ́ ọba la mú dání, katakata ò mọ ọba.

Ìyá Kékeré bá jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ò padà. Tí mo bá kú, ẹ sin mí síbí."

Mo wá rántí ọ̀nà oko kan tí bàbá mi máa ń gbà lọ wo pàkúté rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Ẹ̀gbẹ́ la yà sí, a ò padà.

Ọ̀nà náà dára, mi ò ní purọ́ fún yín. Igi pọ́npọ́lá ti tan òdòdó, ó da pupa sílẹ̀ bí ẹní. A gun òkè kan, a rí àfonífojì nísàlẹ̀, ó lọ títí, èéfín oko ń rú díẹ̀díẹ̀. Àṣàkẹ́ tó ti ń sunkún láti ilé dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ibí yìí, ẹ ò sọ fún wa rí?"

Mo ní ẹ ò bi mí.

Ṣé ẹ rí i, nǹkan kan wà tí mo gbàgbé. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò bá rìn mọ́, àgbẹ̀ á gbà á. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ta ló rìn ín? A ṣẹ́ kọ́nà báyìí, ọ̀nà parí. Ebè iṣu ló kù, tuntun, ó lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ. Ta ló máa tẹ ebè olóko? Àtipadà ńkọ́? Ìyàwó kì í padà.

Bàbá olóko yọ sí wa, ó gbé ọkọ́ léjìká. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un.

"Ọmọ bàbá tí kì í fọhùn yẹn? Bàbá rẹ kì í fọhùn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣìnà."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi jábọ́.

Bàbá náà ní ìyàwó ò gbọdọ̀ padà, ebè òun náà ò gbọdọ̀ wó. Ó ṣíwájú, ó ń fi ibi tí a ó gbẹ́sẹ̀ sí hàn wá. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tòun tẹrù sórí. Ebè kan ò wó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ sì mọ bí omi ṣe wọ́n tó lórí ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ó bu omi ìkòkò rẹ̀ fún wa mu. Ó wá ní ìyàwó ò ní kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kó gbin iṣu kan fún òun. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbìn ín sínú ebè tó kẹ́yìn.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a dé Opómẹ́ta. Ojú ọ̀nà ńlá ni àwọn àna ń wò, a yọ sí wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti ń ká ẹní tí wọ́n tẹ́ dè wá. Obìnrin ilé kan wo ọwọ́ Àṣàkẹ́, erùpẹ̀ kún un.

Ó ní, "Ṣé ìyàwó la fẹ́ ni, àbí alágbàro?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ tẹrí ba. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo la ẹnu mi.

Mo ní, "Wọ́n ní kó padà, kò padà. Ibi tí ọ̀nà parí sí, ó gbin iṣu síbẹ̀."

Ìyá ọkọ gbé omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó wá, òun fúnra rẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fọ ọwọ́, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo àdúgbò rí irú ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo padà sílé. Mi ò tíì gbàgbé ayọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ọ̀nà ńlá dára, mo ń gbà á títí dòní. Àmọ́ ẹ máa rin ọ̀nà oko bàbá yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà di ebè. Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀nà wo ló dí mọ́ yín rí, ibo lẹ gbà? Ẹ kọ ọ́ sí ọmọ yìí, á kà á fún mi.