Oyún Télọ̀

Nígbà tí ìròyìn jáde pé télọ̀ ti lóyún, ẹni mẹ́ta péré ni kò gbà á gbọ́: télọ̀ fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kò tíì rí ikùn náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbé e kiri. "Mo fojú mi rí i! Ó mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Ìbejì ni!" Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan ti kó aṣọ ìkókó wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ní kó bá òun rán etí rẹ̀. Télọ̀ ní ìgbà wo ló fẹ́ wá gbà á. "Ẹ má dà á láàmú," lonítọ̀hún wí, "tiyín ni."

Ìyàwó télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara kan ti ọkọ rẹ̀. Ọdún kẹfà ìgbéyàwó wọn nìyẹn, àwọn àna rẹ̀ sì ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Ikùn tí wọ́n ń wò kò yọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wò ló ń yọ.

Ká má purọ́, ọkọ rẹ̀ sanra. Bó bá ń bọ̀ wálé, ikùn á ti dé, á ti kí ará ilé tán, kí olówó ikùn tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbà. "Aṣọ ló súnkì," ni yóò wí, á tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, á fi aṣọ míì lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Aṣọ-ló-súnkì. Lọ́jọ́ tí àga wó lábẹ́ rẹ̀, ó fi àánú wo àwókù rẹ̀, ó ní, "Igi náà ti súnkì."

Ẹ̀rín wà níta, kò sí nínú yàrá. Bó bá ti jẹun tán, oorun ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń fọ́nká bí koríko ọ̀gbẹlẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ògiri tí alẹ́ bá ti lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́.

"Ọkọ mi, ṣé ẹlòmíì wà níta ni?"

"Níta ibo? Ẹni tí kò lágbára àtidé ẹnu ọ̀nà!"

Téèpù ló tú àṣírí. Téèpù méjì ni télọ̀ ní, ti oníbàárà àti tara rẹ̀. Ó ti rán àgékù aṣọ pupa mọ́ orí tara rẹ̀, kí pupa náà lè gba ìnṣì márùn-ún lọ kí òǹkà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí tó bá tó ìnṣì márùndínláàádọ́ta, ogójì ni yóò kà. Lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú oorun lójú, ó mú téèpù yìí, ó fi wọn ọkọ ìyàwó kan.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó sáré dé tòun ti táwẹ́ẹ̀lì nídìí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń dúró dè mí! Ṣòkòtò kọ̀, kò kọjá itan!"

Télọ̀ lanu. "Aṣọ ló—"

"Ọkọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, téèpù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, "kí ni pupa yìí ń wá níbí?"

Télọ̀ mú àlùmọ́gàjí. Ó jókòó, ó tú àlẹ̀mọ́ ara ṣòkòtò tirẹ̀, ó fi gba ọmọ ọlọ́mọ là. Ọkọ ìyàwó wọ ṣòkòtò dúdú lọ síbi ìgbéyàwó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó télọ̀ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. "Họ́mónù ọkùnrin yín, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán, bàbá. Ó máa ń sọ díẹ̀ nínú họ́mónù ọkùnrin di ti obìnrin. Bí ti ọkùnrin bá sì ti dínkù, ọ̀rá á tún máa pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ló ń ti ara wọn. Ó lè jẹ́ òun náà ló ń dí ọmọ lọ́nà."

"Ẹ ní ikùn mi ń sọ mí di obìnrin?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ fọn díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó padà bọ̀ sípò."

"Díẹ̀ yẹn ń jẹ́ mélòó?"

"Kílò ogún."

"Márùn-ún, Dókítà."

"Mi ò tajà o!"

"Ẹ gba méje, kí n máa lọ."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Dókítà, ogún náà la ó san. Ẹ fi ènì lé e."

Ọ̀rọ̀ yìí ni onídìrí ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ kan, tí Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí orí rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, fi gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù, ìwúkàrà tó fi ń po búrẹ́dì ló fi sí i; bí ìròyìn oyún ṣe jáde nìyẹn.

Ìtìjú aṣọ ìkókó ló lé télọ̀ dìde. Ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ oníná sí igun, ó padà sórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. "Bí mo bá kú," ó ń mí hẹlẹ, "ẹ sọ fún dókítà pé mo ti san ìdajì." Kò kú. Ikùn ń wọlé, irùngbọ̀n ń jáde. Ní òru ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ògiri ló ń wo ẹ̀yìn ọkọ òun.

Ọjọ́ ogbó ló padà mú télọ̀ lọ. Títí di òní, wọn ò yé sọ ìtàn oyún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, níbi tí wọ́n fi téèpù olórí pupa kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Onídìrí á rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń dirun lórí àga kejì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti fẹ́ parí, ìyá á gbé kóòmù sílẹ̀, nítorí pé ìparí yẹn, ẹnu ọkọ òun ló ti wá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ikùn télọ̀ ti wọlé tán: "Télọ̀ ti bí i! Ibo ló gbé ọmọ sí?" Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ikùn lẹ́yìn. Téèpù oníbàárà ló so mọ́ ìbàdí, kò sí pupa lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo wá tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹ ò purọ́ tán. Oyún wà nílé wa lóòótọ́."

Ó tú téèpù náà, ó fi yí ìyàwó rẹ̀ níkùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wọn aṣọ tí owó gbogbo ayé kò lè rà.

"Ẹ mọ ilé," ó ní, "ikùn lẹ ṣì mú. Aṣọ tirẹ̀ náà sì ti ń súnkì."