Ìbọ̀pá Onígbàjámọ̀

Kẹ̀kẹ́ ni onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ máa ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Yóò gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, yóò gun afárá, yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí òpópónà tí àwọn aránbàtà àti àwọn tó ń tún agboòrùn ṣe wà. Orí afárá ni òtútù ti máa ń bá a jà. Afẹ́fẹ́ odò kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Kó tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, apá rẹ̀ á ti le bí igi, ìka rẹ̀ á sì máa gbọ̀n.

Ìyẹn kì í ṣe ohun tí onígbàjámọ̀ lè fi ṣeré. Kílípà wà níbẹ̀, òun ló fi ń gẹ orí àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n abẹ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà á gbé àgbọ̀n sókè fún un, wọ́n á di ojú, àwọn mìíràn á tilẹ̀ sùn lọ nígbà tí abẹ bá wà lọ́fun wọn. Bàbá tó bí i náà ṣe iṣẹ́ yìí títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti ọjọ́ tó ti gé ẹnìkan létí ni kò ti fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí títí ó fi kú, tó ń fi ojú gẹ irun àwọn tó ń kọjá.

Nígbà tí ìka Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, ó ní òtútù ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí àga kejì. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Láràárọ̀, yóò ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, yóò tún gbá ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti gbá, yóò sì pẹ́ gan-an kó tó mú abẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ló sú ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá wọn, tó bá jẹ́ òtútù ni, ẹ ò ṣe wọ kóòtù?"

"Kóòtù ń gba atẹ́gùn sínú bí agboòrùn. Tí mo bá sì fi máa dé ọ̀hún, mo ti làágùn. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó ń làágùn na apá kọjá imú òun?"

"Ẹ lọ bá obìnrin tó ń ta nǹkan kẹ̀kẹ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí afárá, mo máa ń rí nǹkan lápá wọn."

Ó lọ. Obìnrin náà ga, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kó àwọn nǹkan gígùn méjì-méjì kan jáde sórí tábìlì.

"Kí lèyí?" ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. "Apá ẹ̀wù tí kò ní ẹ̀wù? Ta lẹ ta ìyókù fún?"

"Ìbọ̀pá ni, Bàbá. Ohun tí ìbọ̀sẹ̀ ń ṣe fún ẹsẹ̀ lòun ń ṣe fún apá. Ẹ na ọwọ́." Ó fi téèpù yí òkè apá rẹ̀ po. "Ẹ má wú iṣan, Bàbá. Ẹ ti níyàwó nílé."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dẹ iṣan. Obìnrin náà ṣàlàyé pé èyí tó bá fún jù yóò há ẹ̀jẹ̀ mọ́ òkè, ìka á máa kú. Èyí tó bá sì tóbi jù yóò máa yọ̀ wálẹ̀ títí yóò fi kó jọ sọ́rùn ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó kọjá ìgúnpá, kí etí rẹ̀ tó ní rọ́bà wọ abẹ́ apá ẹ̀wù, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi wọlé. Onírun àgùntàn móoru, àmọ́ ó yún un lára. Aláwọ̀ dúdú kan wà tí inú rẹ̀ rọ̀ bí etí ológbò. Ìyẹn ló mú.

"Tí ara yín bá ti gbóná," ni obìnrin náà wí, "ẹ bọ́ ọ, kí ẹ ká a sápò. Ṣé kóòtù ṣe é ká sápò?"

Ó kó ìbọ̀pá náà sínú báàgì, ibẹ̀ ló sì wà. Tó bá ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ ni yóò wọ̀ ọ́, nígbà tí abẹ kankan kò dúró dè é. Láàárọ̀, apá lásán ló fi ń gun afárá. Bí apá bá móoru tí ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí apá bá móoru tí ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí òtútù bá ṣì wà lápá rẹ̀, òtútù ló jẹ̀bi.

Ọmọ rẹ̀ ló ká a mọ́. Bó ṣe fẹ́ gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kan apá bàbá rẹ̀. Apá náà tutù bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó wo báàgì, ó rí etí ìbọ̀pá tó yọ síta.

"Bàbá mi, ṣé báàgì ni òtútù ń mú ni?"

Bàbá rẹ̀ ti etí ìbọ̀pá náà padà sínú báàgì.

"Ẹ wọ̀ ọ́ lọ́la. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ kejì, etí ibùsùn ló jókòó sí tó fi wọ̀ ọ́, ó fà á kọjá ìgúnpá, ó sì fi apá ẹ̀wù bo rọ́bà mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ pàdé rẹ̀ lórí afárá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ọ níbí, ó fọwọ́ tọ́ ọ lọ́hùn-ún, kò rọ́nà wọlé. Ó dà bíi pé apá ẹlòmíràn ló wà níta. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù tó ká a kúrò, apá rẹ̀ móoru bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò bèèrè omi gbígbóná.

Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Rélùwéè, ló ti jókòó sórí àga. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọṣẹ tó hó kun àgbọ̀n rẹ̀, ó pọ́n abẹ lára awọ, ó gbé e sókè.

Abẹ náà gbọ̀n. Kò gbọ̀n púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kàn ń jó lára rẹ̀ bí omi inú abọ́ tí ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ. Ó dúró kó rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe òtútù."

Rélùwéè kò la ojú. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òtútù tó kọjá. Kí lo rò pé ó ń mú mi di ọwọ́ àga mú báyìí? Àbí o rò pé àga fẹ́ sá lọ?"

"Ẹ sì ń wá!"

"Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé, kò pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀fun mi yìí, àbúrò, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ yí èèkù abẹ sí i. Ọmọ náà wo abẹ, ó wo bàbá rẹ̀, ó gbà á.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bọ́ sí òdìkejì àga, ó fi ìka méjì na awọ ọ̀fun Rélùwéè kí ọ̀nà lè tẹ́jú fún ọmọ rẹ̀. Ìka náà kò gbọ̀n. Ọwọ́ tó bá rí nǹkan gbára lé máa ń rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, Rélùwéè tú ọwọ́ lára àga.

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé fún ìgẹrun, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó mú kílípà, ó fi ọrùn ọwọ́ gbára lé orí ọ̀dọ́kùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó wọ ìbọ̀pá rẹ̀ níwájú dígí, ó tún etí rẹ̀ ṣe kó dọ́gba.

"Ẹ ṣì máa wọ̀ ọ́?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

"Òtútù ṣì wà lórí afárá," ló wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ jáde.